Orílẹ̀-èdè kékeré àti hẹlikọ́pítà ológun: rírà ẹ̀ ò le tó bíbọ́ ẹ̀ (ẹ jẹ́ ká wo New Zealand)

Akínkanjú_Òfurufú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí ìjọba New Zealand ti kéde lóṣù kẹjọ 2025 pé àwọn máa ra hẹlikọ́pítà MH-60R Seahawk márùn-ún fún iṣẹ́ ojú òkun, tí owó ẹ̀ sì ju bílíọ̀nù 2 dọ́là tiwọn lọ. Márùn-ún péré o! Orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú ẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 5, Èkó nìkan jù wọ́n lọ fíìfíì, àmọ́ òkun tí wọ́n ń ṣọ́ fẹ̀ tó mílíọ̀nù 4 kìlómítà níbùú lóròó, wọn ò sì ní bàálù ajagun kankan mọ́ torí pé 2001 ni wọ́n ti tú ìyẹn ká. Nítorí náà hẹlikọ́pítà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn.

Ìdí tí mo fi mú wọn ni pé láàárín ogún ọdún, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti gbà ra nǹkan yìí, téèyàn bá fara balẹ̀ wò ó, gbogbo ohun tó yẹ kí orílẹ̀-èdè kékeré mọ̀ wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, 2006, wọ́n ra NH90 mẹ́jọ, tuntun kínníkínní, èyí táwọn ará Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe jáde nígbà yẹn, mílíọ̀nù 771 dọ́là tiwọn, wọ́n tún wá mú ọ̀kan sí i tí kì í fò rárá, sípéà páàtì ni wọ́n torí ẹ̀ mú un. Ìkejì, 2013, wọ́n ra Seasprite tòkunbọ̀, hẹlikọ́pítà kékeré tó ń gbé orí ọkọ̀ ogun ojú omi, mẹ́wàá, mẹ́jọ á máa fò, méjì á wà fún páàtì, mílíọ̀nù 242 pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ páílọ́ọ̀tì. Ẹ sì wá gbọ́ o, Seasprite yẹn, Ọsirélíà ló kọ́kọ́ ra á tó sì kọ̀ ọ́! Ìkẹta wá ni Seahawk yìí, èyí tí gbogbo ayé ń lò.

Èmi ò sọ pé wọ́n gọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye tí wọ́n kọ sínú kọ́ńtíráàtì lọ́jọ́ tí wọ́n rà á kì í ṣe iye ẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré ò gbọ́dọ̀ bèèrè pé "èwo ló dáa jù?" kó tó bèèrè pé "ta ló tún ń lò ó, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ṣé ó ṣì ń ṣe é, mẹkáníìkì mélòó ni mo ní?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ dá sí i.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo pín bílíọ̀nù 2 sọ́nà márùn-ún, ó fún mi ní mílíọ̀nù 400 lórí ẹyọ kan. Mílíọ̀nù irinwó dọ́là lórí hẹlikọ́pítà kan ṣoṣo? Ẹni tó bá ta nǹkan yẹn fún wọn ti lówó lọ. Owó ilé ìwòsàn nìyẹn, owó ilé ìwé nìyẹn.

Oníṣirò_Ìbàdàn:
@Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà, àbúrò, má pín in báyẹn. Gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe irú ìṣirò yẹn, ó sì máa ń ṣini lọ́nà. Irú owó tí ìjọba máa ń kéde báyìí kì í ṣe ti irin tó ń fò nìkan. Sípéà páàtì ọdún mélòó kan máa ń wà nínú ẹ̀, irinṣẹ́, ìdálẹ́kọ̀ọ́ páílọ́ọ̀tì àti mẹkáníìkì, ohun ìjà, nígbà míì wọ́n á tún ilé tí wọ́n máa gbé e sí ṣe. Wo Nọ́ọ́wè, MH-60R mẹ́fà ni wọ́n kéde lọ́dún 2023, nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 kíróònù. Ìyẹn náà, tó o bá pín in sọ́nà mẹ́fà, orí ẹ á fò lọ. Ohun tó fà á ni pé bó o ra márùn-ún bó o ra àádọ́ta, o ṣì máa nílò ẹ̀rọ ìdánwò kan náà, ìwé kan náà, iyàrá ẹ̀kọ́ kan náà. Ẹni tó ra àádọ́ta á pín owó yẹn kiri sórí àádọ́ta. Ẹni tó ra márùn-ún, orí márùn-ún náà ló máa pín in sí. Ìyà tó ń jẹ orílẹ̀-èdè kékeré nìyẹn, kò sọ́gbọ́n tó lè dá sí i.

Ọ̀gá_Sípánà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, torí pé ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ lẹ dé yìí.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe mẹkáníìkì hẹlikọ́pítà, ní Warri àti Port Harcourt, àwọn tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo lọ sójú agbami. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́. Ohun tí ẹni tí ò ṣiṣẹ́ yìí rí ò mọ̀ ni pé ìgbà tí hẹlikọ́pítà bá balẹ̀ niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bó bá ti òkun dé, a máa gbé omi tó mọ́ gaara, tí ò ní iyọ̀ kankan nínú, a máa fún un sẹ́nu ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń yí i láìtanná sí i, omi iyọ̀ á máa ṣàn jáde lẹ́yìn, a ò ní dúró títí tó fi máa mọ́. Tó o bá fi ọjọ́ méjì pa iṣẹ́ yẹn tì torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, o ò sì ní rí i lójú, inú lọ́hùn-ún ló wà.

Ẹ tún wá wo èyí. Ìsàlẹ̀ gíáàbọ́ọ̀sì, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju ọmọ ìka mi lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fa irin tó bá ń já sínú ọ́ìlì mọ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2012 mo tú u, mo nù ún mọ́ aṣọ funfun bí mo ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, mo rí irin tín-ín-rín méjì tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja ṣáwá. Méjì péré. Mo pe ọ̀gá mi, ọ̀gá mi wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó kàn mi orí. Hẹlikọ́pítà yẹn ò fò mọ́ nìyẹn. A kọ lẹ́tà fún gíáàbọ́ọ̀sì mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ló fi jókòó sí háńgà, ìyẹn ilé tí wọ́n ń gbé e sí, a sì ń tú páàtì ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó kù, lónìí páǹpù, lọ́la rédíò, nígbà tí gíáàbọ́ọ̀sì fi máa dé, ó ti ku egungun. Ẹ wá rò ó wò pé àpapọ̀ hẹlikọ́pítà tí orílẹ̀-èdè kan ní jẹ́ márùn-ún tí ọ̀kan ṣe báyẹn. Ìdá kan nínú márùn-ún agbára orílẹ̀-èdè ti jókòó nílẹ̀ nítorí irin méjì tí ò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo kà á pé wọ́n ra NH90 kẹsàn-án tí kì í fò. Ẹni tó dá ìyẹn lámọ̀ràn ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú háńgà rí.

Àǹtí_Manawatū:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọkùnrin. Èmi ń gbé Palmerston North, Ohakea, ibùdó àwọn ológun òfurufú, ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ làwọn NH90 yẹn ń gbé pẹ̀lú àwọn A109 kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ páílọ́ọ̀tì. Òkè ilé wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti mọ ìró wọn yàtọ̀, kó tó ríran rí i ló ti máa pariwo orúkọ ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé níbí yìí, hẹlikọ́pítà ológun kì í ṣe ti ogun nìkan o. Oṣù kejì 2023 tí ìjì Gabrielle jà, omi kún Hawke's Bay, àwọn èèyàn gun orí òrùlé ilé wọn, wọ́n wà níbẹ̀ nínú òjò, NH90 ló lọ ń fi okùn fà wọ́n kúrò lórí òrùlé. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, àǹtí ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fà. Ìgbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Kaikōura lóṣù kọkànlá 2016 náà, gbogbo ọ̀nà já, hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi ń kó àwọn èèyàn jáde tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ wọlé. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń sọ pé owó ilé ìwòsàn ni wọ́n fi rà á, @Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà, lójú ẹni tó wà lórí òrùlé lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn lòun náà.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ má bínú àǹtí, mo gbà. Mi ò tíì rò ó débẹ̀ yẹn.

Káyọ̀dé_99:
Ẹ kú àlàyé o ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mi ni pé mo ń gbọ́ pé NH90 yìí ni Nọ́ọ́wè dá padà pé kò dáa. Ọsirélíà náà ò fò ó mọ́. Báwo ló ṣe wá ń ṣiṣẹ́ fún New Zealand? Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Akínkanjú_Òfurufú:
@Káyọ̀dé_99 ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn, òun gan-an ni mo ń dúró dè.

Nọ́ọ́wè pàṣẹ mẹ́rìnlá lọ́dún 2001, àdéhùn sì ni pé tó bá fi máa di ìparí 2008 gbogbo ẹ̀ á ti dé. Ọdún 2022, mẹ́jọ péré ló wà ní ìpele tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á. Wákàtí 3,900 ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ fò lọ́dún kan, nǹkan bíi 700 ni wọ́n ń rí. Ẹ gbọ́ ná, 700 nínú 3,900! Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹfà 2022 minísítà ètò ààbò wọn, Bjørn Arild Gram, jáde sọ pé àwọn fòpin sí i, àwọn máa dá gbogbo ẹ̀ padà, kí wọ́n sì dá owó àwọn padà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 kíróònù. Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn dùn mí, ó ní kò sí bí mẹkáníìkì àwọn ṣe lè ṣiṣẹ́ tó, kò sí bí páàtì táwọn máa rà ṣe lè pọ̀ tó, tó máa sọ ọ́ di ohun táwọn ń fẹ́. @Ọ̀gá_Sípánà, ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, kò dá àwọn mẹkáníìkì lẹ́bi.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ rèé, bí èmi ṣe rí i. Ti Nọ́ọ́wè, ti ojú òkun ni, orí ọkọ̀ ogun àti orí ọkọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ etíkun, ó ní rádà, ó ní ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkọ̀ abẹ́ omi, gbogbo ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bára mu nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ti New Zealand, ti orí ilẹ̀ ni, ó ń kó sójà, ó ń kó ẹrù, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọra wọn bí ìbejì, ibùdó kan ṣoṣo ni wọ́n wà, àwọn mẹkáníìkì kan náà ló ń tọ́jú wọn. Wọn ò béèrè ju ohun tó lè ṣe lọ. Méjì àkọ́kọ́ dé lóṣù kejìlá 2011, wọn ò sì lé àwọn Iroquois, hẹlikọ́pítà àtijọ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, dànù lójú ẹsẹ̀, 2015 ni wọ́n tó yọ̀ǹda wọn, wọ́n fún ara wọn láyè láti kọ́ tuntun kí wọ́n tó ju ti àtijọ́ sílẹ̀.

Ti Ọsirélíà gùn jùyẹn lọ. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n ní, Taipan ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún dé ọdún ni wọ́n ti ń ráhùn. Oṣù kìíní 2023 wọ́n ti sọ pé Black Hawk 40, hẹlikọ́pítà Amẹ́ríkà, làwọn máa rà dípò ẹ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún yẹn ni ọ̀kan já sínú òkun nítòsí Lindeman Island lóru, sójà mẹ́rin kú. Wọn ò tún fò ó mọ́ látìgbà yẹn. Ọlọ́run bá wa tu ìdílé wọn nínú.

Ọ̀gá_Sípánà:
Àmín o.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Iroquois yẹn, èmi ò fọwọ́ kàn án rí àmọ́ mo ti ṣiṣẹ́ lórí àwọn àbúrò ẹ̀, Bell 212 àti 412. Ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì lè fi ojú rí ohun tó ń ṣe é ni. O máa gun orí ẹ̀, o máa fọwọ́ mi ọ̀pá kan, ọwọ́ ẹ á sọ fún ẹ pé bẹ́áríǹgì ti jẹ. NH90, wáyà iná ló ń gbé àṣẹ páílọ́ọ̀tì lọ sí abẹ̀bẹ̀, ara ẹ̀ kì í ṣe irin, ohun tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù hun ni. Ó dáa, kì í dípẹtà bíi ti irin, ó fúyẹ́. Àmọ́ tí nǹkan bá gbá a lára, kì í ṣe òòlù lo máa gbé, o máa nílò ẹni tó kọ́ṣẹ́ yẹn gan-an, yàrá tí ooru ibẹ̀ wà níwọ̀n, àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ọdún méjì sí mẹ́ta ló ń gbà kí mẹkáníìkì tó ti mọ hẹlikọ́pítà tẹ́lẹ̀ tó lè dá fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí méjì nínú wọn bá wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ilé iṣẹ́ aládàáni san jù? Orílẹ̀-èdè ńlá ò ní mọ̀ ọ́n lára. Èyí tí ò ní ju ogún mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti mọ̀ ọ́n lára.

Atukọ̀_Badagry:
Èmi ti wọṣẹ́ ológun ojú omi rí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ NH90 jù, Seasprite ló kàn mí jù torí pé orí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé.

Orí ọkọ̀ ogun, ibi tí hẹlikọ́pítà ń balẹ̀ sí ò fẹ̀ ju àgbàlá ilé ẹlòmíì lọ, ó tún ń mì. Háńgà ẹ̀ kéré. Seasprite kéré, ó rọra wọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí New Zealand fi fẹ́ràn ẹ̀ láti 2001 tí márùn-ún tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ wọn. Ti Ọsirélíà tẹ́ ẹ sọ yẹn, mọ́kànlá ni wọ́n rà lọ́dún 1997, ara àtijọ́ ni, wọ́n wá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tuntun sínú ẹ̀ kí èèyàn méjì lè máa ṣe iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́ta ń ṣe. Ọdún mọ́kànlá lórí ẹ̀, owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là tiwọn lọ ti wọlẹ̀, oṣù kẹta 2008 wọ́n fagi lé e. Kaman tó ṣe é gba hẹlikọ́pítà ẹ̀ padà, ó tún un ṣe, New Zealand wá rà á lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ta márùn-ún àtijọ́ tiwọn fún Perú. Lójú tèmi ọjà tó dáa ni wọ́n rà. Àwọn páílọ́ọ̀tì wọn ti mọ̀ ọ́n, mẹkáníìkì wọn ti mọ̀ ọ́n, wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n sì tíì fi fò.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ ṣeun bàbá! Ṣé ẹ rí i, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Tòkunbọ̀ dáa. Owó kékeré, iṣẹ́ ń lọ. Kí ló dé tí wọn ò kàn wá tòkunbọ̀ mìíràn lọ́tẹ̀ yìí?

Akínkanjú_Òfurufú:
Bàbá Atukọ̀ sọ òótọ́, ọjà tó dáa ni lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé Kaman ò ṣe Seasprite tuntun mọ́, tipẹ́tipẹ́ sì ni. Àwọn tó ń lò ó lágbàáyé, New Zealand, Íjíbítì, Pólándì, Perú, tán! Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo tiwọn pa pọ̀, kò tó ohun tí ilé iṣẹ́ kan máa torí ẹ̀ ṣí ibi tí wọ́n ti ń rọ páàtì sílẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, páàtì tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń dé á di oṣù méjì, èyí tó jẹ́ oṣù méjì á di "a ò ṣe é mọ́." Bí mọ́tò tí wọn ò ṣe mọ́ ni. Gbogbo wa mọ bó ṣe máa ń rí, wàá máa wá ẹni tó ní ọ̀kan tó ti kú kó o lè tú ti ẹ̀.

Tòkunbọ̀ dáa tó bá jẹ́ irú èyí tó pọ̀ lójú pópó. Ẹni tó ra Corolla tòkunbọ̀ á rí páàtì ní Ládípọ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ra èyí tó jẹ́ mẹ́rin péré ló wà nílùú, orí ló máa fi sanwó ẹ̀. Black Hawk àti gbogbo ìdílé ẹ̀, tí Seahawk náà wà nínú ẹ̀, ó ti ju 4,000 lọ tí wọ́n ti ṣe, wọ́n ṣì ń ṣe é lójoojúmọ́. Látìfíà tí èèyàn wọn ò tó mílíọ̀nù 2, mẹ́rin ni wọ́n rà, tuntun, méjì àkọ́kọ́ dé lóṣù kejìlá 2022. Mẹ́rin ò tó nǹkan kan, àmọ́ wọn ò dá wà, ibi gbogbo ni wọ́n ti lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Oníṣirò_Ìbàdàn:
Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíì wọlé. Ẹ ń sọ̀rọ̀ páàtì, ẹ ò tíì sọ ti ẹni tó ń tà á. Ẹ wo Filipíìnì. Lóòótọ́ èèyàn wọn pọ̀, orílẹ̀-èdè kékeré kọ́, àmọ́ àpò àwọn ológun wọn ò jìn. Oṣù kejì 2018, Bell 412 mẹ́rìndínlógún láti Kánádà, mílíọ̀nù 233 dọ́là Amẹ́ríkà, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kánádà ní òun fẹ́ tún un yẹ̀ wò nítorí ohun tí wọ́n lè fi ṣe sáwọn aráàlú, Ààrẹ Duterte bínú, ó fagi lé e. Wọ́n wá lọ ra S-70i, Black Hawk tí wọ́n ń ṣe ní Mielec ní Pólándì, mẹ́rìndínlógún náà ni, mílíọ̀nù 241. Oṣù kọkànlá 2021 wọ́n tún fọwọ́ sí Mi-17 mẹ́rìndínlógún láti Rọ́ṣíà, ogun Yukiréènì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n rò ó pé Amẹ́ríkà máa fìyà jẹ àwọn, wọ́n fagi lé ìyẹn náà lọ́dún 2022. Black Hawk 32 sí i, tí wọ́n ti fọwọ́ sí lóṣù kejì ọdún yẹn kí ogun tó bẹ́, ló kù sọ́wọ́ wọn.

Mi-17 ò burú o. Ó lágbára, kò gbówó lórí, mẹkáníìkì lè tún un ṣe nínú iyanrìn. Àmọ́ tí ẹni tó ń ta páàtì fún ẹ bá bá ayé jà, ìwọ náà ti wà nínú ìjà yẹn nìyẹn, yálà o mọ ohun tó fà á tàbí o ò mọ̀.

Káyọ̀dé_99:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa bínú sí mi, ṣé Nàìjíríà náà ò wà nínú wàhálà yẹn? Mi-35 wa àti Mi-171 wa, Rọ́ṣíà ni.

Ọ̀gá_Sípánà:
A wà nínú ẹ̀, àbúrò mi, a sì wà nínú òmíràn. Ka iye oríṣi tí àwọn ológun òfurufú wa ní: Rọ́ṣíà, ìyẹn Mi-35 àti Mi-171, Ítálì, AW109, Bell 412 náà wà ńbẹ̀, T129 láti Tọ́kì, wọ́n sì ti pàṣẹ AH-1Z 12 láti Amẹ́ríkà. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ìwé tiẹ̀, ní irinṣẹ́ tiẹ̀, bóòtù ọ̀kan kò wọ òmíràn, òmíì íǹṣì ni, òmíì mìlímítà ni. Mẹkáníìkì tó gba ìwé àṣẹ lórí Mi-35 kò lè fọwọ́ sí ti AW109. A kì í ṣe orílẹ̀-èdè kékeré lóòótọ́, àmọ́ tó o bá pín àwọn hẹlikọ́pítà wa sí oríṣi kọ̀ọ̀kan, oríṣi kọ̀ọ̀kan á kéré bíi ti orílẹ̀-èdè kékeré, ìyà tó ń jẹ New Zealand lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwa á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọn ọmọ wa tó ń fi ẹ̀mí wọn fò ó yẹ fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Atukọ̀_Badagry:
Ó yé mi. Ẹ jẹ́ ká padà sórí márùn-ún yẹn ná, torí pé ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí i. Seasprite mẹ́jọ á lọ, Seahawk márùn-ún á dé. New Zealand ní ọkọ̀ ogun Te Kaha àti Te Mana, Canterbury wà, Aotearoa wà, àwọn méjì tó ń ṣọ́ òkun tún wà. Gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ hẹlikọ́pítà. Ní ìgbà tiwa, tá a bá ní mẹ́ta, ọ̀kan ló wà lórí omi, ọ̀kan wà nínú àtúnṣe, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Márùn-ún? Ẹ máa rí méjì lórí omi, lọ́jọ́ tí nǹkan bá dáa. Seahawk tún wúwo ju Seasprite lọ, ó ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ tó bá gbé ẹrù kún, gbogbo ọkọ̀ yẹn kọ́ ló máa gbà á.

Akínkanjú_Òfurufú:
Bàbá, mo gbà pé márùn-ún kéré. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní rà tó dín sí mẹ́fà, mi ò sì ní jẹ́ kí gbogbo owó tán sórí ohun ìjà tó wà lára ẹ̀. Àmọ́ márùn-ún tí méjì ń fò lójoojúmọ́ sàn ju mẹ́jọ tí ẹnì kan ò mọ èyí tó máa fò lọ́la.

Àǹtí_Manawatū:
Ohun táwọn èèyàn ń sọ níbí náà nìyẹn. Àwọn kan ní ó kéré, àwọn kan ní ó pọ̀ jù. Ọkọ aládùúgbò mi tó ti ṣiṣẹ́ ní Ohakea rí, ohun tó ń dùn ún kì í ṣe iye hẹlikọ́pítà, ó ní àwọn tó mọṣẹ́ ń lọ sí Ọsirélíà torí owó oṣù. Ó ní ọdún tí òun kúrò, àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ kúrò.

Káyọ̀dé_99:
Ọ̀gá Sípánà, ìbéèrè mi ìkẹyìn. Tí ìjọba kan bá pè yín pé kẹ́ ẹ bá àwọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta hẹlikọ́pítà fáwọn, kí ni ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi í?

Ọ̀gá_Sípánà:
Mi ò ní bi í ní iye tó ń tà á, mi ò ní bi í ní bó ṣe ń sáré sí. Mo máa ní kó fi ojú mi kan gíáàbọ́ọ̀sì tó wà nínú àpótí, èyí tí wọ́n ti dán wò, tí ìwé ẹ̀ pé. Tó bá ní kò sí ọ̀kan nílẹ̀, pé ìgbà tá a bá pàṣẹ làwọn máa ṣe é, mo máa dìde.

Ní ti Seahawk yìí, ibi tí wọ́n bọ́ sí rere ni pé Ọsirélíà kọ́kọ́ ra 24, wọ́n sì tún pàṣẹ sí i, Nowra ni wọ́n kó wọn sí, ní ìpínlẹ̀ New South Wales. Láti Nowra dé Auckland, bàálù ẹrù á gbé gíáàbọ́ọ̀sì débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, tí àwọn méjèèjì bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ní á yá ẹni tí ò ní. Ìwé yẹn ni kí wọ́n lọ kọ kí hẹlikọ́pítà àkọ́kọ́ tó dé. Èmi tí mo dúró ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ní Warri, mo mọ ohun tí ọjọ́ kan jẹ́.